Comprehensive High School, Ayétòrò: Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Lábẹ́ Òrùlé Kan

Kí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote tó sọ Ìbèsè di ìlú tí gbogbo Nàìjíríà ń dárúkọ lọ́dún 2012, Ayétòrò, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Yewa North tí Ìbèsè wà, ti lókìkí tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí: Comprehensive High School, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1963.

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1955, nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ọmọ rọ́ wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, girama ò gbà wọ́n tán, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà (secondary modern school) ò fi bẹ́ẹ̀ níyì mọ́ lọ́dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́. Girama pàápàá ń kọ́ ọmọ bí ẹni pé ọ́fíìsì nìkan niṣẹ́ wà.

Ayétòrò gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣèrànwọ́ nípasẹ̀ USAID, Yunifásítì Harvard sì rán àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ wá. Adam Skapski wà lára wọn. Ìmọ̀ ìwé, iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìṣòwò, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú ilé jọ wà nínú ọgbà kan náà. Ọmọ á kọ́kọ́ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni yóò yan èyí tó bá ẹ̀bùn rẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n Social Studies gan-an ni iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Wọ́n pa ìtàn, jọ́gíráfì àti ẹ̀kọ́ nípa ìlú pọ̀ di ẹyọ kan. Kò síwèé tó bá a mu lọ́jà, nítorí náà àwọn olùkọ́ ibẹ̀ jókòó kọ ọ́ fúnra wọn. Ó yẹ ká máa rántí wọn pẹ̀lú ọpẹ́: ìdílé, ọjà àti ìlú tí ọmọ ti wá ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe London.

Àpérò ẹ̀kọ́ 1969 àti ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè 1977 gba irú èrò yìí wọlé. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta JSS, mẹ́ta SSS, mẹ́rin yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní 1982, Social Studies àti iṣẹ́ ọwọ́ di dandan fún ọmọ JSS káàkiri Nàìjíríà. Ó dunni pé ìmúrasílẹ̀ ò tó. Ayétòrò ti ní yàrá iṣẹ́ àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀; ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, inú àpótí tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ dé láti òkè òkun ni ẹ̀rọ wà, torí kò síná, kò sí yàrá, kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.