Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ àti Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn tó ń kọ ìtàn Èkó kì í gbàgbé ọdún 1955. Ọdún náà ni Lagos Executive Development Board bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ìwé Peter Marris, tó jáde ní 1961, sọ bí ẹbí ṣe fọ́nká àti bí owó ọkọ̀ ṣe di ẹrù. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un kéré púpọ̀: inú agolo mílíìkì kan ló wà, lẹ́yìn ilé wa.

Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ilé kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kúrò ní Màríínà. Ọ̀nà tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ wá gba Yábà, Èbúté-Mẹ́ta àti Ìddó kí ó tó kan Afárá Carter, tí wọ́n kọ́ ní 1901. Ó ra Raleigh àlòkù kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ṣéènì já lórí afárá. Wọ́n sì yọ owó ọjọ́ náà nínú owó oṣù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìrọ̀lẹ́ Sátidé ti di ti ṣéènì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe bá a nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí í di agolo mú.

A ó dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Bàbá mi á tú ojú ṣéènì, á rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì. Èmi á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, a ó sì sá a gbẹ. Nígbà náà ni epo máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi yóò dé, ẹ̀kán kan sí oríkèé kan. Irú ṣéènì yìí, tí Hans Renold ṣe ní Manchester ní 1880, ní irin roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan; inú ìlẹ̀kẹ̀ náà ni irin ti ń jẹ irin. Epo tó bá kù sí ìta, iyanrìn ló ń gbà lálejò. Nítorí náà ni a ṣe ń nù ún, tí a tún ń nù ún. Àwọn aládùúgbò tó ń fi àdín pa tiwọn ń gbọ́ igbe rẹ̀ bí ọyẹ́ bá dé.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò ronú kan ìda. Àwọn tí ń rọ idẹ nílẹ̀ wa mọ bí a ti ń yọ́ ìda oyin tipẹ́tipẹ́. Lónìí, àwọn eléré-ìje kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù ń ri ṣéènì tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní bọ inú ìda gbígbóná. Bí ó bá tutù, eruku kò rí ibi lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìda kì í fi bẹ́ẹ̀ gba irin lọ́wọ́ omi, ẹni tó bá sì mọ òjò Èkó kò ní dá bàbá mi lẹ́bi.

Lẹ́yìn owó Udoji ti 1975, alùpùpù gba àdúgbò wa. Orúkọ pàápàá kò bọ́: bí o bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Mùṣin lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni wọn yóò dá dúró fún ọ. Raleigh bàbá mi ṣì ń yí láìké ní ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì.