Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Sá Eré Ìje Ọkọ̀ Ní Ìlú Tí Kò Fararọ?

 Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lónìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n kò tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí ìlú kan kò bá fararọ, tí ìjọba àti ará ìlú ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí àlejò kó ọkọ̀ ìje lọ síbẹ̀? Àwọn kan ní eré kò bá ìṣèlú tan. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá jó lágbo òṣìkà ti bá a ṣọdún. Kí a tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ìtàn ní í sọ, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an wò. Ní èdè wa, eré ni ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Eré náà ni ẹni tí ó ń kánjú ń sá. Èkíní jẹ mọ́ ìdárayá, èkejì jẹ mọ́ ìyára. Eré ìje ọkọ̀ kó méjèèjì pọ̀, ó sì fi ẹ̀kẹta kún un, èyíinì ni owó. Ẹlẹ́sẹ̀ lásán lè sáré ní pápá ilé-ìwé. Eré ìje ọkọ̀ ń fẹ́ ojú ọ̀nà pàtàkì, ọlọ́pàá, dókítà, ilé ìtura, àti owó gọbọi fún àwọn tí ó ni ìdíje. Ó ṣòro kí a tó ṣe é láìsí ọwọ́ ìjọba níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣèlú ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ilẹ̀ Kúbà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1957, lábẹ́ ìjọba Fulgencio Batista, wọ́n sá eré ìje ọkọ̀ ní Havana, ní ojú ọ̀nà etí òkun tí à ń pè ní Malecón. Juan Manuel Fangio, ọmọ ilẹ̀ Argentina, ni ó gba ipò kìíní. Batista ń fẹ́ kí àlejò olówó máa wọ ìlú, kí ayé sì gbà pé ara rọ ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Fidel Castro àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà lórí òkè Sierra Maestra, tí wọ́n ń bá a jà. Ní ọdún 1958, Fangio, ẹni tí ó ti gba adé ayé ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tún padà wá. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejì, ọmọ ẹgbẹ́ Castro kan yọ ìbọn sí i nínú ilé ìtura Lincoln, wọ́n sì gbé e lọ. Wọn kò fi ìyà jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí gbogbo ayé mọ̀ pé Batista kò lè ṣọ́ àlejò ara rẹ̀.

Ìjọba kò torí èyí dá eré dúró. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sá a láìsí Fangio. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ kan fi ya bàrà wọ àárín èrò, ó pa nínú wọn, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ léṣe. Bí eré ṣe dúró nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Fangio lé aṣojú ìjọba Argentina lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1959, Batista sá kúrò nílùú. Ẹ ṣàkíyèsí pé Fangio kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ìṣèlú. Síbẹ̀, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sì fi í polongo.

Ó di Gúúsù Áfríkà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà. Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì ti lé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Ní ọdún 1977, àwọn olórí Commonwealth fi ohùn ṣọ̀kan ní Gleneagles pé àwọn yóò máa dẹ́kun bíbá a ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìje ṣì ń lọ sí Kyalami, lẹ́bàá Johannesburg. Ní oṣù keje ọdún 1985, ìjọba P. W. Botha kéde òfin pàjáwìrì ní ọ̀pọ̀ àgbègbè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, wọ́n yẹgi fún ọ̀dọ́ akéwì kan, Benjamin Moloise, ní Pretoria, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ fún un láti ilẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni ọkọ̀ ìje ń bú ramúramù ní Kyalami. Nigel Mansell ni ó gba ipò kìíní.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lọ. Renault àti Ligier, ẹgbẹ́ Faransé méjèèjì, jókòó sílé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan mú orúkọ wọn kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n ń náwó lé lórí. Ẹni tí ó bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Eré àgbáyé náà kò padà sí Kyalami títí di ọdún 1992, nígbà tí Nelson Mandela ti jáde lẹ́wọ̀n ní ọdún méjì ṣáájú.

Ẹ̀kẹta ni Bahrain. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2011, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ìjọba fi ọmọ ogun fọ́n wọn ká, ẹ̀mí sì ṣòfò. Eré tí ó yẹ kí ó wáyé ní oṣù kẹta kò ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹfà, àwọn aláṣẹ ìdíje fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ kọ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n sá a. Àkọlé tí ìjọba fi polówó rẹ̀ sọ pé ìlú ti di ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú eré, wọ́n rí òkú ọ̀kan nínú àwọn tí ń fẹ̀hónú hàn.

Mo mọ̀ pé àwọn tí ó ní kí a máa lọ ní ẹjọ́ rò. Wọ́n ní bí àlejò kò bá lọ, ta ni yóò rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn tí ó sọ pé wọ́n dá àwọn lóró ní àtìmọ́lé Bahrain kọ ìwé sí Lewis Hamilton, ó sì sọ̀rọ̀ nípa wọn ní gbangba. Wọ́n tún ní awakọ̀ takisí àti òṣìṣẹ́ ilé ìtura ń rí oúnjẹ òòjọ́ níbẹ̀. Èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 yẹn kan náà, ìjọba Bahrain kò fún àwọn akọ̀ròyìn kan ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Eré tí a bá ti fi ọ̀pá lé ẹlẹ́rìí kúrò nídìí rẹ̀ kò lè la ojú ẹnikẹ́ni.

Nàìjíríà pàápàá ti san owó ìpinnu yìí rí. Ní ọdún 1976, a bá àwọn ilẹ̀ Áfríkà mìíràn kó àwọn eléré wa kúrò ní Òlíḿpíìkì Montreal, nítorí New Zealand tí ó ń bá Gúúsù Áfríkà gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì. A kò lọ sí Edmonton ní 1978. A kò lọ sí Edinburgh ní 1986. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ń múra fún ọdún mẹ́rin ni ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé àìlọ kò ní í náni ní nǹkan kan kò bá wọn sọ òótọ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Àwọn baba wa ya òkú àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára òkú ọ̀fọ̀. Òkú àgbà ni à ń lu ìlù fún. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni, àlejò tí ó bá sì gbé ìlù wá síbẹ̀ kò mọ ìwà hù. Àwọn tí ìbọn ìjọba ń pa nínú ìjà ẹ̀tọ́, òkú ọ̀fọ̀ ni wọ́n. Èrò mi ni pé kí àlejò béèrè nǹkan mẹ́ta kí ó tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣé ìlú ni ó pè mí, tàbí ààfin nìkan? Ṣé ẹni tí inú ń bí lè sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, kí ó sì sùn sílé rẹ̀ lálẹ́? Ṣé akọ̀ròyìn lè wọlé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó dúró.

Kí òṣùwọ̀n náà sì dọ́gba. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, kété tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, wọ́n fagi lé àdéhùn eré tí wọ́n ní pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù kan náà, Saudi Arabia pa ènìyàn 81 lọ́jọ́ kan ṣoṣo nípa ìdájọ́ ikú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun ìjà àwọn Houthi bọ́ sórí ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Jeddah, nígbà tí àwọn awakọ̀ ń dánra wò. Èéfín rẹ̀ hàn sí wọn ní pápá. Síbẹ̀, wọ́n sá eré náà parí. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n kan ra, tí ó fi òmíràn tà, kò lè pe ara rẹ̀ ní onídàájọ́.

Ẹ̀yin olùwòran, ibi tí mo bá a dé nìyí. Ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu yín, ẹ bá ará ilé yín sọ ọ́. Ó dàbọ̀.