Adéhùn Tí Ń Gbé Ìwé Ré Òkun Kọjá

Nígbà tí ará Kano tàbí ará Enugu bá ju ìwé sínú àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ó ní kí a gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Toronto, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń sanwó. Kò san kọ́bọ̀ fún orílẹ̀-èdè tí ìwé náà yóò gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò san nǹkan fún òjíṣẹ́ tí yóò kan ilẹ̀kùn ọmọ náà. Òǹtẹ̀ kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ ìwé ti parí gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí ti mọ́ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adéhùn ni ó bí i, adéhùn náà sì ti lé ní 150 ọdún. A kọ́kọ́ gbé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ inú rẹ̀ bí ẹrù ni, kí ó tó wọlé bí onílé.

Kí ọdún 1852 tó dé, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ìwé ń bá lọ láti etíkun yìí sí Ìlú Ọba. Olówò kì í sì í tètè ṣíkọ̀ nígbà tí ẹrù kò bá tíì kún. Ìwé a máa dúró de epo pupa. Ní ọdún náà ni Macgregor Laird dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ African Steam Ship Company sílẹ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì bá a ṣe àdéhùn pé kí ọkọ̀ rẹ̀ máa gbé ìwé wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lóṣooṣù.

Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, ṣùgbọ́n òkun kò mọ àdéhùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1854, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, Forerunner, fọ́ ní ẹ̀bá erékùṣù Madeira. Dókítà David Livingstone, tí ó ti la àárín gbùngbùn ilẹ̀ Áfíríkà já dé Luanda, ti kó ìwé, àwòrán ilẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Nígbà tí ìròyìn náà bá a ní Pungo Andongo, ní ilẹ̀ Àngólà, kò sí ohun tí ó lè ṣe ju pé kí ó jókòó, kí ó sì tún wọn kọ. Ta ni yóò tún ìwé àwọn ẹlòmíràn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kọ?

Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, ọ̀rọ̀ owó tún wà. Ní ayé ìgbà náà, olúkúlùkù orílẹ̀-èdè ni ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ dúnàádúrà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye tí a ó san sórí ìwé sì yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó gbà. Heinrich von Stephan, olórí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Jámánì, ni ó lépa bí ọ̀ràn náà yóò ṣe di ọ̀kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1874, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Bern, ní Switzerland. Wọ́n ní kí gbogbo ilẹ̀ wọn dà bí ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ìwé: kí ẹni tí ó ta òǹtẹ̀ mú owó rẹ̀, kí ẹni tí ìwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì fi í jíṣẹ́ láìgba owó mìíràn. Ìrònú wọn ni pé ìwé tí ó lọ yóò mú èsì bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní ọdún 1879, Làìbéríà wọ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọdún kan náà ni Èkó, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà bọ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Àdéhùn kò sì lè gbẹ́ iyanrìn. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ẹnu ọ̀sà Èkó. Ojú òkun ni a ti ń kó ẹrù àti ìwé sínú ọkọ̀ kékeré, títí iṣẹ́ òkúta tí a tò sí ẹnu ọ̀sà náà fi la ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá ní ọdún 1914. Ní ọdún 1936, ọkọ̀ òfúrufú bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìwé láti Khartoum wá sí Kano, ó sì dé Èkó kí ọdún náà tó parí. Ìwé tí ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun wá di ti ọjọ́ mélòó kan.

Nígbà tí òmìnira dé, Gánà wọ ẹgbẹ́ náà ní orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún 1957, Nàìjíríà sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1961. Ìbò kan ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní níbẹ̀, ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe kékeré. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ní ìpàdé Tokyo ọdún 1969 ni a pinnu pé kí orílẹ̀-èdè tí ń gba ìwé ju èyí tí ó ń fi ránṣẹ́ lọ máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó yìí náà ni ó fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká nígbà tí Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2018 pé òun yóò jáde. Ìpàdé Geneva ọdún 2019 ni ó pẹ̀tù sí i. Ní ọdún 2021, Abidjan ni gbogbo ẹgbẹ́ náà ti péjọ: ilẹ̀ tí a ń gbé ìwé wá fún ní ayé ìjọ́un ti di ilé tí àlejò ń wọ̀ sí.

Lónìí, ẹ̀rọ ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwé kíkọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé aṣọ, ìwé ẹ̀rí àti oògùn. Àdéhùn Bern kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rin ọ̀nà tí ó kù láti ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Òjíṣẹ́ ni ó ń rìn ín. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ẹni tí ó ra òǹtẹ̀ ni ó sì rán an. Bí ẹrù rẹ̀ bá sọnù lójú ọ̀nà, kì í ṣe òun nìkan ni ó pàdánù: ọ̀rọ̀ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi ọwọ́ sí ni ó sọnù pẹ̀lú rẹ̀.