Òkè, Ogun àti Ìṣípòpadà: Bí a ṣe lè Wádìí Ìtàn Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Ilẹ̀ Àkókó

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá lọ sí Cobh ní etíkun ilẹ̀ Ireland láti wádìí bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe fi ilé sílẹ̀ yóò bá èbúté tí wọ́n ti wọkọ̀, yóò sì lè wá orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ èrò ọkọ̀. Láàrin 1845 àti 1852, ìyàn lé nǹkan bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn (1,000,000) kúrò ní ilẹ̀ náà. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò ní èbúté, wọn kò sì ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìṣípòpadà ni ó dá ìlú méjèèjì. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òkè, èdè àti ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ìwé tí olùwádìí yóò kà níbẹ̀, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ̀rí Òkè

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ-ogun Núpé ń kó Àkókó lẹ́rú, pàápàá lẹ́yìn tí Bídà di olú-ìlú wọn ní 1857. Àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn náà ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìwọ̀-oòrùn. Òkè olókùúta ni odi tí àwọn ará Ọ̀kà ní, nítorí ẹṣin kò lè sáré gùn ún. Nígbà tí Royal Niger Company, lábẹ́ George Goldie, ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní 1897, ẹ̀rù náà rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Òkè-Ọ̀kà ṣì ń jẹ́ orúkọ òkè. Ayégúnlẹ̀ sì jẹ́ irú orúkọ tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ lẹ́yìn ìdààmú.

Òkè sọ ti àwọn tí ó ṣẹ́kù. Kò sọ ti àwọn tí a kó lọ. Ìwé tí Koelle tẹ̀ jáde ní 1854, láti ẹnu àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Freetown, ní ọ̀rọ̀ Yàgbà, Ìjùmú àti Òwòrò nínú. Aládùúgbò Àkókó ni wọ́n; ìwé náà fi bí ọ̀nà ìgbèkùn agbègbè yìí ṣe jìn tó hàn.

Ẹ̀rí Èdè

Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń sọ, ṣùgbọ́n Arigidi, Ìkáràm àti Àkùnnù tí kò jìnnà sí wọn ní èdè tiwọn. Bí a bá sọ pé ogun Núpé nìkan ni ó da àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀, àlàyé náà kò tó. Ìyàtọ̀ èdè wọn jinlẹ̀ ju ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún lè bí lọ. Ogun lè kó wọn sún mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀rí Àtẹnudẹ́nu

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti le jù. Ọ̀pọ̀ ìtàn ààfin ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìkàrẹ́, ta ni ó kọ́kọ́ dé jẹ́ ọ̀ràn ilẹ̀ àti adé láàrin Olúkàrẹ́ àti Ọwá-Àlẹ̀. Ìjà ipò náà sì ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kà náà ní Olúbàkà àti Asin. Nítorí náà, olùsọ̀tàn lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ó di dandan kí a gbọ́ ti ààfin méjèèjì, kí a sì gbọ́ ti àwọn ìdílé tí kò jọba rí, nítorí àwọn náà ní ibi tí wọ́n ti wá.

Àgbálọgbábọ̀

Ìṣípòpadà kò tíì dópin. Àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà ti tẹ̀dó sí ilẹ̀ Àkókó, yunifásítì tí ó wá sí Àkùngbá ní 1999 sì ti kó àlejò wá sí àárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọmọ Àkókó tí ó bá padà wá tọpasẹ̀ ìran rẹ̀ yóò rí i pé kò sí ìdílé tí kò ti ibì kan dé. Ìtàn dídé lè ṣàlàyé bí a ṣe di aládùúgbò. Òun nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ ẹni tí ó ni ìlú.