Bí Kókó, Ṣónṣó àti Ihò Ara Eegun Ṣe Gba Orúkọ

Bí a bá bọ́ ẹran kúrò lára eegun, kò sí èyí tí yóò dán láti òkè délẹ̀. Eegun itan ní kókó ńlá kan lápá òde, níbi tí iṣu ẹran ìdí ti dì í mú. Ó ní ìlà tó le tó sì rí págunpàgun lẹ́yìn. Ó ní ihò kékeré tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ní orúkọ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn. Látìn ló pọ̀ jù nínú orúkọ náà, Gíríìkì sì wà lábẹ́ púpọ̀ nínú Látìn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó sọ wọ́n yóò rí i pé ẹnu àwọn ìwé kò kò. Òmíràn ní Galen ni, òmíràn ní Vesalius ni, òmíràn sì ní ìgbìmọ̀ kan ló jókòó ní Basel lọ́dún 1895 tó parí gbogbo rẹ̀. Mo to ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn síbí, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa ti ìwé kan bọ́ sí òmíràn.

Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ní ọ̀rúndún 3 ṣáájú ìbí Kristi, ni Herophilus àti Erasistratus ti la òkú ènìyàn láti fi kọ́ ẹ̀kọ́. Ìwé Herophilus ti ṣègbé; ẹnu àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá Galen, la ti ń gbọ́ tirẹ̀. Eegun tín-ín-rín kan wà tó yọ ṣónṣó sísàlẹ̀ ní ìdí agbárí, lábẹ́ etí. Nígbà tí Herophilus rí i, Pharos ló fi wé, ilé gíga tí wọ́n ń dáná sí lórí ní èbúté ìlú náà kí ọkọ̀ ojú omi má baà ṣìnà. Ohun tó ń bẹ níwájú ilé rẹ̀ ló fi sọ eegun lórúkọ. Àwọn mìíràn fi wé irin ṣónṣó tí wọ́n fi ń kọ̀wé sórí ìda, tiwọn ló sì borí: processus styloideus ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Mo fẹ́ràn ti Herophilus jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí.

A bí Galen ní Pergamon ní nǹkan bí ọdún 129, ó sì kọ ìwé kékeré kan lórí eegun fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí ẹni tó bá lè lọ sí Alẹkisáńdíríà lọ, torí pé eegun ènìyàn gan-an ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè lọ, kó wo ti ọ̀bọ. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rí eegun olè kan tí wọ́n pa sẹ́bàá òkè, tí àwọn ẹyẹ ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, àti òkú kan tí odò kún gbé jáde láti inú sàréè. Ìwé kékeré orí eegun yẹn ló kó orúkọ tó ti wà nílẹ̀ jọ, tó sì fi ìlànà kan múlẹ̀ tí a kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá yọ láti ara eegun fúnra rẹ̀ ni apophysis. Èyí tó jẹ́ eegun mìíràn tó wá lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ ni epiphysis. Dókítà tó ń wo fọ́tò eegun ọmọdé lónìí ṣì nílò ìyàtọ̀ yìí, nítorí orí eegun ọmọdé kò tíì jó pọ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti coracoid àti coronoid. Ti àkọ́kọ́ kò le. Ó wà lára eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká, ó tẹ̀ síwájú bí àgógó ẹyẹ, korax sì ni ẹyẹ ìwò lédè Gíríìkì. Ti èkejì ló le. Orúkọ yìí wà lára eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ó tún wà lára ulna, eegun apá tó parí sí ìgúnpá. Àwọn kan ní korone túmọ̀ sí kannakánná, pé àgógó ẹyẹ náà ni. Àwọn kan ní adé ni, torí corona tí àwọn ará Róòmù ń lò. Èrò kẹta ni mo gbà. Ní ayé àtijọ́, àwọn Gíríìkì ń lo korone fún ohun tó bá kọ́ tó sì tẹ̀: ọwọ́ tí a fi ń fa ilẹ̀kùn, àti ṣóńṣó ọrun tí a ń fi okùn kọ́. Kí ẹ di ulna mú ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé ìkọ́ ni, ìkọ́ tó gbá eegun apá òkè mú. Ti àgbọ̀n náà ń ṣe ìkọ́. Adé kò sí níbì kankan nínú méjèèjì. Kannakánná lè jẹ́ ìdí tí Gíríìkì fi ń pe ìkọ́ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyẹ ni ẹni tó sọ eegun lórúkọ ń wò.

Trochanter, kókó ńlá eegun itan tí mo fi bẹ̀rẹ̀, náà ní ìtàn tirẹ̀, bóyá láti inú eré sísá ni, bóyá láti inú àgbá kẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tó gùn lórí rẹ̀, n kò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò.

Ojú ibi tí ulna ti ṣí ẹnu láti gba eegun apá òkè tún dára láti wò dáadáa. Galen ní ó jọ lẹ́tà sigma. Ẹni tó bá mọ sigma ìsinsìnyí, Σ, yóò yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò ní rí ìjọra kankan. Ìdí ni pé nígbà ayé Galen, C ni wọ́n ń kọ sigma. Orúkọ náà lọ láti ìran dé ìran. Nígbà tí Henry Gray tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1858, sigmoid ló ṣì ń pè é. Ìgbìmọ̀ Basel yí i padà sí incisura semilunaris, ẹnu tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó fẹnu kò ní Párísì tún yí i padà ní 1955 sí incisura trochlearis, kó lè bá trochlea, ìsàlẹ̀ eegun apá òkè tó wọ inú rẹ̀, lọ. Eegun náà kò yí padà ní gbogbo àkókò yìí.

Láàárín Galen àti ọ̀rúndún 16, a kò ní púpọ̀ láti sọ nípa ojú eegun. Ìwé Ibn Sina, tó kú ní 1037, di Látìn ní Toledo lọ́wọ́ Gerard ará Cremona, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì bá a wọlé. Mondino de Liuzzi ní Bologna kọ ìwé tirẹ̀ ní nǹkan bí 1316.

Andreas Vesalius ni ìwé rẹ̀ pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. A bí i ní Brussels ní 1514, ó sì ń kọ́ni ní Padua láti 1537. Ní 1538 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ mẹ́fà jáde ní Venice, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àwòrán egungun ènìyàn tó dúró, tí Jan van Calcar yà. Ó kọ orúkọ eegun sí ẹ̀gbẹ́ wọn ní Látìn, Gíríìkì, Hébérù àti Lárúbáwá, torí pé ẹni tó bá ń kàwé nígbà náà lè bá èyíkéyìí pàdé. Ní 1543, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 28, ilé ìtẹ̀wé Oporinus ní Basel tẹ De humani corporis fabrica. Apá kìíní nínú apá méje rẹ̀ jẹ́ ti eegun. Ohun tó ṣe níbẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n òun ló yí iṣẹ́ padà: ó fi lẹ́tà kékeré sára àwòrán eegun, ó sì kọ àlàyé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá ní orúkọ báyìí ni ti kókó báyìí, ẹni kejì lè fi ìka tọ́ ọ lórí ìwé. Ó pe apophysis ní processus, èyí sì dúró. Ó pe epiphysis ní appendix, ìyẹn kò dúró.

Àwọn kan ń sọ bí ẹni pé Vesalius fọ́ gbogbo ohun tí Galen kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti orúkọ. Ibi tí Galen ti fi ti ẹranko dípò ti ènìyàn ló ti ta kò ó, bíi eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí Galen pè ní méjì tí Vesalius fi hàn pé ọ̀kan ni nínú àgbàlagbà. Olùkọ́ rẹ̀ ní Párísì, Jacques Dubois tí wọ́n ń pè ní Sylvius, bínú débi pé ó kọ ìwé ní 1551 tó fi ń pè é ní Vaesanus, ìyẹn wèrè. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń lo orúkọ Gíríìkì kan náà. Egungun ènìyàn kan tí Vesalius to pọ̀ ní Basel ní 1543, ti ọ̀daràn tí ìjọba ti pa, ṣì wà nílé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn oníṣègùn ìlú náà.

Ní 1726, Alexander Monro tẹ ìwé lórí eegun jáde ní Edinburgh, Bernhard Albinus náà sì tẹ tirẹ̀ ní Leiden lọ́dún kan náà. Ní ilẹ̀ Faransé, François Chaussier dá orúkọ tuntun sílẹ̀, epicondylus sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kù nínú wọn. John Barclay ṣe tirẹ̀ ní 1803. Bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá tirẹ̀ ni orúkọ ń pọ̀ bí ẹ̀gún. Joseph Hyrtl ní Vienna fi ìwé méjì, 1879 àti 1880, tú ìdí orúkọ wọ̀nyí wò, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Látìn burúkú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ anátómì ilẹ̀ Jámánì ló wá dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Wilhelm His tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 1895. Nǹkan bí 50,000 orúkọ ni wọ́n sọ pé ó ti gba ìwé káàkiri, nǹkan bí 5,500 ni wọ́n fi sílẹ̀. Òfin wọn dára: orúkọ kan fún ohun kan, ní Látìn, tí kò gùn, kí a má sì fi orúkọ ènìyàn sọ eegun bó bá ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìgbìmọ̀ yìí tún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe kò wò ó dáadáa. Ìwé kíkọ́ máa ń sọ pé tuber ni kókó ńlá, tuberculum ni kékeré, tuberositas ni èyí tó rí págunpàgun. Ẹ mú eegun apá òkè àti radius tó tẹ̀lé e lọ́wọ́: tuberculum majus ti apá òkè tóbi jìnnà ju tuberositas ti radius lọ. Tuberculum tún wà lára eegun ìhà tó kéré tó èékánná ìka. Orúkọ tí ẹni àkọ́kọ́ fún un ni ìgbìmọ̀ gbà, bí ó ti tóbi tó kò kàn wọ́n. Trochanter nìkan ni kò ṣìnà, torí eegun itan nìkan ló ni ín. Foramen spinosum, ihò kan ní ìdí agbárí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹlẹ́gùn-ún, náà ń ṣini lọ́nà: ihò náà kò ní ẹ̀gún kankan; ẹ̀gún kan ló wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí Julius Wolff sọ ní 1892, pé eegun a máa yí padà gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń rù, jẹ́ kí ó túbọ̀ yé ni ìdí tí ìtóbi kókó kò fi lè jẹ́ ìlànà orúkọ. Ọmọ tuntun kò ní processus mastoideus lẹ́yìn etí. Ìgbà tó bá ń gbé orí rẹ̀ dúró tí iṣan ọrùn ń fà á ni kókó náà ń yọ. Ara àgbàlagbà làwọn tó ń sọ orúkọ ń wò.

Àwọn ará Bìrìtìkó tún tiwọn ṣe ní Birmingham ní 1933, àwọn ará Jámánì ní Jena ní 1935. Ìgbìmọ̀ àgbáyé dìde ní Oxford ní 1950, Párísì sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 1955. Terminologia Anatomica dé ní 1998, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ Látìn, ó sì to orúkọ ènìyàn sẹ́yìn ìwé nínú àtọ́ka, torí dókítà abẹ ò tíì gbàgbé wọn. Kókó Lister tó wà ní ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́, tí ìwé ń pè ní tuberculum dorsale, ni wọ́n ṣì ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń to eegun ọwọ́ tó kán. Ẹ̀dà kejì ìwé náà jáde ní 2019.