Òrùlé Ilé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ohun tí Ewé, Òjò àti Ìjì Kọ́ Àwọn Baba Wa

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé ìbéèrè wá bá mi. Ó ti kà nípa Vastu, ìlànà ilé kíkọ́ àwọn ará Íńdíà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwa náà ní irú rẹ̀. Ó ní, "Sà, ṣé òfin wà fún òrùlé lọ́dọ̀ tiwa, àbí wọ́n kàn ń wá ohun tí òjò kò fi ní pa wọ́n ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wọ̀ mí lára, nítorí pé èmi fúnra mi ti fi owó ra ìdáhùn rẹ̀.

Vastu jẹ́ ọ̀rọ̀ inú èdè Sansikíríìtì. Àwọn ìwé àtijọ́ bíi Mayamata àti Manasara wà lára àwọn tó kó òfin ilé kíkọ́ náà jọ. Lára ohun tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e fi ń kọ́ni ni pé kí apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilé ga ju apá àríwá-ìlà-oòrùn lọ, kí òrùlé dà sí ìhà àríwá tàbí ìlà-oòrùn kí omi òjò lè gba ibẹ̀ wálẹ̀, kí àárín gbùngbùn ilé sì ṣí sí ojú ọ̀run. Lójú wọn, àwòrán ayé ni ilé, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló sì ni igun tirẹ̀. Àwọn baba wa kò kọ tiwọn sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kí ó wò ó lára ilé àtijọ́ tó ṣẹ́ kù, kí ó sì tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa ilé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà, òrùlé. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò farasin: orí ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo fáwẹ̀lì àárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé tí à ń pè lónìí ni a so mọ́ orí, níbo ni u ti wá? Àwọn ẹ̀ka-èdè wa ni a ó bi léèrè. Ní Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Oǹdó àti Èkìtì, fáwẹ̀lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà láyè. Ọ̀rọ̀ tí àjùmọ̀lò ń fi i bẹ̀rẹ̀, u ni àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé a ti so orí mọ́ ilé kí u ìbẹ̀rẹ̀ náà tó di i lẹ́nu àwọn yòókù, àti pé òrùlé ti gbé u àtijọ́ náà pa mọ́ sínú ara rẹ̀ títí di òní. Bí òrùlé ṣe ń pa ènìyàn mọ́ lọ́wọ́ òjò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa ìtàn èdè mọ́.

Òfin kìíní nípa òrùlé ni pé ohun tí ilẹ̀ bá mú jáde ni a fi ń bo ilé. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé koríko ni àwọn ará ilẹ̀ ọ̀dàn ń lò, ṣùgbọ́n pé ní ilẹ̀ igbó, níbi tí irú koríko bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, ewé fífẹ̀ kan tí à ń pè ní gbódógì ni wọ́n fi ń dípò rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ níyì débi pé ó ní ọdún tirẹ̀, tí a fi ń kó o wá fún Aláàfin. Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní ọ̀dàn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Gbódógì, ìbátan ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ni igbó Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ní láti fún onílé. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà Àbígí àti Ìwòpin ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ilẹ̀ di àbàtà, odò àti ọ̀sà sì yí ènìyàn ká. Igi ògùrọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá imọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ewé rẹ̀ sì ṣeé rán pọ̀ bí ẹní. Ilẹ̀ tó rọ̀ kò fẹ́ ilé tó wúwo.

Òfin kejì jẹ mọ́ dídà òrùlé. Ewé àti koríko kò lè dí omi dúró. Kí omi yára kọjá lórí wọn ni ọgbọ́n rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀, tí a sì ń mú òrùlé dà gidigidi. Òjò tó ń rọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́dún kan máa ń ju 1,500 mílímítà lọ, ògiri ilé sì jẹ́ amọ̀. Etí òrùlé gbọ́dọ̀ yọ jìnnà kí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ má baà wẹ ẹsẹ̀ ògiri lọ. Abẹ́ etí òrùlé gígùn yìí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, níbi tí a ti ń gba àlejò, tí a ti ń parí ìjà.

Òfin kẹta jẹ mọ́ àárín ilé. Nínú akòdì, òrùlé yí àgbàlá ká, ó sì da omi sí àárín, níbi tí ìkòkò ti ń dúró dè é. Zbigniew Dmochowski ya irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà, tó jáde ní 1990. Níhìn-ín ni àwa àti Vastu ti pàdé, nítorí àárín tiwa náà ṣí sí ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀, atẹ́gùn àti omi ń gba ibẹ̀ wọlé.

Òfin kẹrin jẹ mọ́ ipò. Johnson sọ pé ààfin ọba nìkan ló lè ní kọ̀bì, ìyẹn òrùlé tó yọ síwájú lára ilé. Àlejò kò nílò kí a sọ fún un pé ilé ọba ló dé. Òrùlé ti sọ fún un láti òkèèrè.

Àbùkù ńlá kan wà lára òrùlé ewé àti koríko: iná. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó lówó fi ń tẹ́ àjà alámọ̀ sábẹ́ òrùlé, kí ẹrù wọn má baà jóná bí òkè bá ń jó. Ẹni tó bá mọ èyí ni yóò gbádùn òwe tó ní òrùlé bo àjà mọ́lẹ̀, awọ fẹ́ẹ́rẹ́ bo inú kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi. Òwe tó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, inú ayé òrùlé koríko ló ti wá pẹ̀lú.

Páànù ló wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ bí ìgbì omi. Ní 1837 ni Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lórí fífi síǹkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Ó dé Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ọ̀nà ṣí fún oníṣòwò àti oníwàásù. Nígbà tó yá, owó kòkó àti obì ra páànù fún àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn kò jẹ̀bi. Páànù kì í tètè gbiná, kì í sì í béèrè ewé tuntun ní gbogbo ìgbà.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èdè. Láyé ewé, a máa ń bo ilé. Láyé páànù, a ń kan án. Bíbò jẹ́ iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, tí ẹbí, àna àti aládùúgbò ń péjọ ṣe, tí onílé sì ń se oúnjẹ fún wọn. Kíkàn jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà tí a ń sanwó fún. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló yí padà, àjọṣe odidi àdúgbò sì bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí. Ní 2014, mo kọ́ ilé kékeré kan sí Àgọ́-Ìwòyè. Àwòrán kan ló wù mí: òrùlé tó dà díẹ̀ sí ìhà kan ṣoṣo, tí kò ní etí, tí ojú rẹ̀ tó ga kọ sí ìlà-oòrùn. Ìjì àkọ́rọ̀ ọdún 2015 ṣí i bí ìdérí ìkòkò. Ìwé tí mo fi ọdún mẹ́wàá kó jọ rin gbingbin. Àbúrò bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo wólẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó fi ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn, mo tú u sí àjùmọ̀lò báyìí: "Ọmọ mi, ìhà ibo ni ìjì àkọ́rọ̀ ti ń wá?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, n kò mọ̀."

Ó ní, "O kàwé tó báyìí, o kò mọ ìhà tí ìjì ti ń wá? Ìlà-oòrùn ni. O yanu ilé sílẹ̀ fún un, ó sì wọlé."

Òótọ́ ni. Ìjì líle àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrọ̀ sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń gbé òjò àárín ọdún wá, láti ìhà òkun ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́. Ẹ wá wo Vastu: òrùlé tó relẹ̀ ní àríwá-ìlà-oòrùn ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìjì àkọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ògiri gíga tó kọjú sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ì bá máa mu omi láti oṣù Òkúdu lọ. Ohun tí bàbá ní kí n ṣe ni pé kí òrùlé dà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì ní etí gígùn yí ká. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é. Kò tíì ṣí mọ́ láti ìgbà náà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, òfin wà. Ewé tó wà nítòsí, omi tó gbọ́dọ̀ lọ, ìhà tí ìjì ti ń wá àti ipò onílé ni àwọn baba wa fi ṣe é. Òfin ilẹ̀ ẹlòmíràn lè bá tiwa mu níbì kan kí ó má bá a mu níbòmíràn. Ẹni tó bá mọ ìdí òfin ló lè mọ ibi tí ó bá a mu.

Lọ́jọ́ náà, mo kọ orúkọ igi òrùlé mọ́kànlá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá. Ó ní wọ́n kù. Mo ní n óò padà wá nígbà ìsinmi. Bàbá ti papòdà kí n tó padà. Bí ẹ bá ní àgbà kan nílé tó mọ bí a ṣe ń bo ilé, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ bá a lónìí. Ire o.