Ikú Ilé Nígbà Ogun: Jàǹbá Ọkọ̀ Òfurufú Àwọn Ọmọ Ogun Láàárín 1939 sí 1945

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀dàlẹ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní ogun Hítílà, fi hàn pé ìtumọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ogun náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun òfurufú ni ó kú láìfojú kan ọ̀tá. Kò sí ẹni tí ó yìnbọn lù wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó dà wọ́n. Ìkùukùu ni ó pa àwọn kan, ìjì pa àwọn mìíràn, ìkánjú àti ẹ̀rọ tí ó ti gbó sì pa àwọn mìíràn bákan náà. Ìbéèrè tí ikú báyìí ń bi aráyé kò kéré. Ṣé ogun ni ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, àbí jàǹbá lásán ni ó bá a? Ta ni yóò kà á mọ́ àwọn akọni? Ta ni yóò sì sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀?

Iye irú wọn pọ̀ ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an, tí ó jìnnà réré sí ojú ogun, àwọn ọmọ ogun òfurufú tí ó kú nínú jàǹbá láti oṣù Kejìlá 1941 títí di oṣù Kẹjọ 1945 súnmọ́ 15,000. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ ológun òfurufú tí ń ju àdó olóró sí ilẹ̀ Jámánì pàdánù ènìyàn tí ó ju 55,000 lọ, ju 5,000 nínú wọn ni ó sì kú sí ẹnu ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó dé ojú ogun rárá.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí. Ogun ń béèrè awakọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà a kò lè fara balẹ̀ kọ́ wọn bí a ti ń ṣe nígbà àlàáfíà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ogún ọdún ni a ń fi ẹ̀rọ ńlá lé lọ́wọ́. Àwọn bàálù tí wọ́n sì fi ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó ti lo agbára rẹ̀ tán lójú ogun. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ìlú a pa iná kí ọ̀tá má baà rí wọn, awakọ̀ tí ó ń wá ilé bọ̀ kò sì ní rí ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé. Èyí tí ó wá burú jù ni ìkùukùu. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n na ọ̀pá irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí, kí wọ́n máa da epo bẹntiróò sínú rẹ̀, kí wọ́n sì tiná bọ̀ ọ́, kí ooru rẹ̀ lè lé ìkùukùu kúrò. Epo tí ó jóná pọ̀ jọjọ, ṣùgbọ́n ju 2,000 bàálù lọ ni ó tipa rẹ̀ balẹ̀ láyọ̀.

Ìjì ní tirẹ̀ kò ṣe é lé. Àpẹẹrẹ èyí tí a kò lè gbàgbé ni ti Freckleton, abúlé kan ní agbègbè Lancashire, ní ìhà àríwá Ìlú Ọba. Ní Warton, tí ó wà nítòsí rẹ̀, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ní ibùdó ńlá kan tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1944, bàálù ńlá méjì tí wọ́n ń pè ní Liberator gbéra níbẹ̀ láti dán wọn wò kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ológun. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra ni ojú ọ̀run ṣú dùdù. Wọ́n ké sí àwọn awakọ̀ náà láti ilẹ̀ pé kí wọ́n padà. Ọ̀kan yí padà kúrò nínú ìjì náà, ó sì là á já. Èkejì gbìyànjú láti balẹ̀, kò lè rí ilẹ̀, ó sì tún fẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Apá rẹ̀ gbá igi, ó gbá ilé, ó fọ́ yángá, ó wó ilé oúnjẹ kan tí àwọn ọmọ ogun ti máa ń jẹun mọ́lẹ̀, ó sì já lu iyàrá àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé Holy Trinity. Epo inú rẹ̀ gbiná.

Ènìyàn 61 ni ó kú. Ọmọ ilé-ìwé ni 38 nínú wọn, olùkọ́ ni 2. Mẹ́ta ni ó wà nínú bàálù náà, àwọn 18 yòókù sì bá ilé oúnjẹ náà lọ, ará Amẹ́ríkà àti ará Ìlú Ọba, ọmọ ogun àti ẹni tí kò mọ̀ nípa ogun. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa ohun tí ó mú bàálù náà já, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ti fọ́, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti kú. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun kan: ọ̀pọ̀ awakọ̀ ará Amẹ́ríkà ni ó gbà pé òjò Ìlú Ọba kò ju òjò wẹliwẹli lọ. Wọ́n ní kí a máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé ìjì ibẹ̀ lè pani.

Ní Freckleton, gbogbo ayé ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní Bakers Creek, nítòsí ìlú Mackay ní Queensland, ilẹ̀ Ọsirélíà, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní ìdájí ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 1943, bàálù kan gbé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wá sinmi padà sí ojú ogun ní New Guinea. Ìkùukùu wà nílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni ó já. Nínú ènìyàn 41 tí ó wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó yè. Nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ọ̀tá mọ ìrìn àwọn ọmọ ogun wọn, ìjọba dí ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn. Wáyà tí wọ́n tẹ̀ sí àwọn ẹbí kò sọ ibi tí ọmọ wọn kú sí ní pàtó. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn ogun kí àwọn mìíràn tó gbọ́ orúkọ Bakers Creek. Yorùbá ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Àwọn òbí wọ̀nyí mọ̀ pé ọmọ wọn kú, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ó nù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún 1992 ni a tó gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ ní Bakers Creek.

Níbi tí a kò bá ti lè pa òtítọ́ mọ́, òtítọ́ a máa bí òfin. Ọjọ́ 28 oṣù Keje 1945 ni bàálù ológun kan sọnù nínú ìkùukùu, tí ó sì lọ kọlu àjà 79 ilé Empire State ní New York. Ènìyàn 14 ni ó kú. Ní 1946 ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún ará Amẹ́ríkà láyè láti pe ìjọba lẹ́jọ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi àìbìkítà ṣe wọ́n ní jàǹbá, wọ́n sì mú un dé ẹ̀yìn kí ó lè kan àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá.

Irú ikú yìí kan ọmọ Èkó pẹ̀lú. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí òyìnbó kò lè di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Kẹwàá 1939 ni ìjọba ṣí ìlẹ̀kùn yìí sílẹ̀ fún ìgbà tí ogun bá wà. Peter Adéníyì Thomas, tí a bí ní Èkó ní 1914, wà lára àwọn tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Ọmọ oníṣòwò ńlá ni, arábìnrin rẹ̀ sì ni Stella Thomas, tí ó di agbẹjọ́rò ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1942, Adéníyì di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú, òun sì ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba àṣẹ awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 1945, jàǹbá bàálù pa á ní Ìlú Ọba. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ogun fi parí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀tá kọ́ ni ó pa á, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ogun kọ́ ni ó gbé e kúrò ní Èkó?

Àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà ní ọ̀nà tiwọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kú lẹ́nu iṣẹ́ ogun láàárín ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1947, ìbáà ṣe ìbọn ni, ìbáà ṣe àìsàn, ìbáà ṣe jàǹbá, wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ogun pa. Ìdí nìyí tí Adéníyì fi wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ni ìlànà yìí wà fún. Ní ti àwọn ọmọ 38 ti Freckleton, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà ní Warton ni ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe pápá ìṣeré fún àwọn ọmọ abúlé náà ní ìrántí wọn, wọ́n sì ṣí i ní 1945. Kò sí ohun tí ó lè dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ikú tí ọwọ́ ara ilé fà pamọ́, wọn kò sì fi í dá ọ̀tá lẹ́bi. Wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, níbi tí àwọn ọmọ tí ó yè yóò ti máa ṣeré.